Owó ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àwọn aláìnílé nígbà Kòrónà: ibùdó ni kí ìlú ná an sí, àbí owó ilé?

AdéọláTX béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ aráàlú kan ní Texas níbi tí a ti ń kọ àbá tí a fẹ́ gbé síwájú àwọn aláṣẹ ìlú wa, nípa bí ó ṣe yẹ kí wọ́n pín owó ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àwọn tí kò nílé lórí, bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá tún dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí òfin CARES, òfin owó ìrànwọ́ ìgbà Kòrónà ti Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2020 ni a ń gbé yẹ̀ wò. Òfin náà ya bílíọ̀nù 4 dọ́là sọ́tọ̀ fún ètò ìrànwọ́ pàjáwìrì fún àwọn aláìnílé tí wọ́n ń pè ní ESG, tí HUD, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, sì pín in fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìlú ńlá. Ètò yìí kan náà kì í gbà tó mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ́dún kí àrùn náà tó dé, nítorí náà owó tí irú rẹ̀ kò wọlé rí ni.

Àwa ọmọ ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ibùsùn, oúnjẹ àti ìmọ́tótó ni kí owó kọ́kọ́ bá lọ, nítorí pé ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá lónìí kò lè dúró de ilé tí yóò gba oṣù mẹ́ta kó tó jáde. Àwọn yòókù ní kí a fi san owó ilé, kí àwọn ènìyàn lè kúrò ní títì pátápátá. Èmi fúnra mi kò tíì mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ná irú owó yìí, kí ni ẹ rí?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Boston ni mo wà nígbà náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé gbọ̀ngàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn pọ̀ sí kò lè jẹ́ ààbò nígbà tí àrùn tó ń tinú èémí ràn bá wà nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún ènìyàn 408 ní ibùdó ńlá kan tí àwọn aláìnílé ń sùn sí ní ìlú náà, 147 nínú wọn ló sì ti kó àrùn, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn kò gbóná. Ìyẹn ni pé wíwọn ooru ara lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé, kò lè yọ aláìsàn kúrò láàrin àwọn tó kù.

Ìlànà CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, nígbà náà ni pé kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó kéré tán, wà láàrin ibùsùn kan sí èkejì. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà yìí nínú gbọ̀ngàn tó ń gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn tẹ́lẹ̀, ó lè má gba ìdajì wọn mọ́. Níbo ni kí àwọn tó kù lọ? Ní Las Vegas, ní òpin oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí wọ́n ti ibùdó kan pa nítorí pé ẹnì kan níbẹ̀ ti kó àrùn, ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Wọ́n kun ilà sórí ilẹ̀ láti fi ya ibi tí olúkúlùkù yóò sùn sí, bẹ́ẹ̀ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìlú náà ṣófo gbayawu. Ó dùn mí dé ọkàn.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń pín owó náà, yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó ní ilẹ̀kùn àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ san fún, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi ìfọwọ́ àti ilé ìyàgbẹ́ ìta, torí pé nígbà tí wọ́n ti àwọn ilé ìkàwé àti ilé oúnjẹ pa, àwọn tó ń gbé ní títì kò ní ibi kankan tí wọ́n ti lè fọ ọwọ́ tí a ní kí wọ́n máa fọ̀. Owó ESG náà gba irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ láyè.

Bàbá Houston dáhùn:

Nọ́ọ̀sì, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó yìí ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ san owó òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ tí owó bá tán ni ènìyàn yóò padà sábẹ́ afárá, ìlú kò sì ní ohun kan tí yóò tọ́ka sí.

Ní oṣù keje ọdún 2020, ìlú Houston àti kántì Harris kéde ètò mílíọ̀nù 65 dọ́là, tí wọ́n fẹ́ fi kó 5,000 aláìnílé sínú ilé láàrin ọdún méjì. Oríṣiríṣi owó ìrànwọ́ ìgbà Kòrónà ni wọ́n pa pọ̀ sí ojú kan, tí àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ náà sì ń tẹ̀ lé ètò kan ṣoṣo, dípò kí àjọ kọ̀ọ̀kan máa gba tirẹ̀ lọ sí ibi tó wù ú. Ibi tí mo rò pé ìlú yín ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ jù lọ nìyẹn. Àtìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2010 ni àwọn àjọ wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí náà nígbà tí owó dé, ojú ọ̀nà ti là sílẹ̀.

Mo bá wọn ṣiṣẹ́ ní ìta, mo sì lè sọ ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró. Ìwé ìdánimọ̀ ni àkọ́kọ́. Onílé kò ní fún ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ ní ilé, àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe káàdì sì wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan nínú wọn kò rí ìwé ìbí wọn láti ọjọ́ tí òjò ti kó ẹrù wọn lọ nínú àgọ́. Èkejì ni onílé fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà pé ayálégbé náà yóò ba ilé jẹ́. HUD gba àwọn ìlú láyè láti fi lára owó ESG ti Kòrónà fún onílé ní owó ìwúrí, tó lè tó owó ilé oṣù mẹ́ta, èyí sì ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì: ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ nílò mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, ìgbálẹ̀ àti ẹni tí yóò máa yà wò ó. Mo mọ bàbá kan tó ń sùn sórí ilẹ̀ lásán ní pálọ̀ nínú ilé tuntun, torí pé kò sẹ́ni tó ro ti ibùsùn mọ́ ètò náà. Ẹ ro ó mọ́ tiyín.

Akáǹtì_Lékè dáhùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé owó kún un, nítorí kò pọn dandan kí a fi ibùdó àti owó ilé bá ara wọn jà. Àpò owó kan kọ́ ló wà nílẹ̀. Nígbà Kòrónà, FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ń san ìdá 75 nínú 100 owó òtẹ́ẹ̀lì tí ìlú bá fi ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2021 sì ni Ààrẹ Biden pàṣẹ pé kí wọ́n san gbogbo rẹ̀. Ìlú tó bá gbọ́n fi owó FEMA san òtẹ́ẹ̀lì, ó sì fi ESG san owó ilé. Àmọ́ ìlú ló kọ́kọ́ ń ná owó tirẹ̀ kí FEMA tó dá a padà, ìlú kékeré tí àpò rẹ̀ gbẹ kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti ESG, òfin CARES mú ohun mẹ́ta kúrò lọ́nà. Ìlú kò ní láti wá owó tó dọ́gba pẹ̀lú ti ìjọba àpapọ̀ kún un mọ́. Wọ́n mú òdiwọ̀n tí kò jẹ́ kí owó ibùdó àti ti iṣẹ́ ìta láàrin àwọn aláìnílé ju ìdá 60 nínú 100 lọ kúrò. Òfin náà sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di dandan pé kí ènìyàn gba ìtọ́jú nítorí oògùn olóró tàbí ọtí kí a tó fún aláìnílé ní ilé tàbí ibùsùn. Bí ìjọ tàbí àjọ ẹ̀sìn kan bá fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́, ẹ tètè sọ èyí fún wọn. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni gbèdéke tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún níná owó náà, kí wọ́n tó sún un sí 2023. Ìlú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò kọ ìwé àdéhùn nígbà tí owó dé, ó ti pẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_London dáhùn:

Níhìn-ín ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ní kí àwọn káńsù kó gbogbo àwọn tó ń sùn ní títì wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2020, òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ wọn sì lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò fún láyè láti gba owó ìjọba, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n gbà wọ́n wọlé nígbà pàjáwìrì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ilé tí wọn yóò máa gbé títí, ọ̀nà dí. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe fún irú wọn sínú àbá yín kedere.

AdéọláTX:

Ẹ ṣeun gan-an ni, mi ò mọ̀ pé owó FEMA lè gbé ẹrù òtẹ́ẹ̀lì kúrò lórí ESG. Bàbá, nígbà tí owó ilé tí ìlú ń san bá parí, kí ni ẹni náà yóò ṣe?

Bàbá Houston:

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó wọlé nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó lágbára láti ṣiṣẹ́, ìrànwọ́ ọdún kan lè tó o láti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ tàbí àìlera ti so mọ́lẹ̀ nílò ilé tí ìrànwọ́ rẹ̀ kò ní gbèdéke, owó pàjáwìrì kò sì lè ṣe ìyẹn. Houston tún fi mílíọ̀nù 100 dọ́là ṣe ìpele kejì ètò náà ní ọdún 2022, torí pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ ya àwọn ènìyàn sọ́tọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì bá àjọ tó ń pín ilé ìjọba ní ìlú yín sọ iye àyè tí yóò fi sílẹ̀ fún yín, kí ó wà nínú ìwé, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́.