Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé nítòsí dẹ́pò epo rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Lójú ọ̀nà páìpù epo tó ti Atlas Cove, èbúté epo l'Ékòó, gba dẹ́pò Mosimi lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin ni abúlé ìyá mi wà. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ni dẹ́pò tó wà lókè wa. Iná ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn tí páìpù gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá lọ́jọ́ kejì Kérésì ọdún 2006, tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn bàbá wa kì í mu sìgá lápá dẹ́pò mọ́. Kò sẹ́ni tó ro ti kànga.

Gààrí la fi mọ̀. Ìyá àgbà rẹ gààrí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó tu ú dànù: "Ta ló fi ike kẹrosíìnì pọnmi?" Gbogbo wa ń búra. A fọ korobá, a fa omi mìíràn, òórùn yẹn náà ni. Nígbà tá a gbé e sí oòrùn, àwọ̀ bí òṣùmàrè ń yí lójú omi. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló máa ń léfòó sí. Àwọn kan ní ká fi álọ́ọ̀mù sí i, àwọn kan ní ká sè é. Ká se omi tó ní bẹntiróòlù nínú, lórí iná igi! Bọ̀dá kan tiẹ̀ fẹ́ ṣáná sínú kànga kó lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Ìyá àgbà já ìṣáná gbà, ó fọ́ ọ létí. Ìgbátí yẹn ló jẹ́ kí n wà láyé kọ èyí.

Mọ́tò Bọ́ì Àtijọ́:
Ọdún mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ lé ọ̀gá mi gbépo, táńkà 33,000 lítà. Ní dẹ́pò tá a ti ń gbé e, ògiri kúkúrú yí táńkì ńlá kọ̀ọ̀kan ká, pé bí táńkì bá bẹ́, kí epo má ṣàn jáde. Òjò máa ń kún inú ògiri yẹn, wọ́n á wá ṣí fáàfù kí omi lọ sínú gọ́tà. Ẹni tó ṣí i ló yẹ kó tì í. Mo fojú ara mi rí i ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí tá a fi gbépo tán. Odò ni gọ́tà náà já sí, àwọn obìnrin ń fọ fùfú nísàlẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Ṣé bàbá ẹ ló ni dẹ́pò ni?" Mo dákẹ́, ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì Luton:
Tàwọn òyìnbó náà ò yàtọ̀ o. Ìdájí ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kejìlá 2005, Buncefield, dẹ́pò epo kan nílùú Òyìnbó níbí, bú gbàmù, mo rò pé bọ́ǹbù ni. Ohun tó ń wọn epo inú táńkì ló há, epo kún, ó ń ṣàn dànù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Èèyàn 43 fara pa, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n epo àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi paná rin wọ omi abẹ́ ilẹ̀.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Omi náà ṣá! Bẹ́ẹ̀ làwọn ará Barùwà l'Ékòó ṣe ń pariwo kànga wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Bùọ̀dá Mọ́tò Bọ́ì, mi ò bá yín jà. Wọ́n ti fi pákó bo kànga tiwa. Mo ra píọ̀ wọ́tà fún Ìyá àgbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹyín ya ọ̀rá, ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.