Bátìrì tó kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú igbó: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìdí-Àpé: Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé bọ́ọ̀sì tó ní bẹ́ẹ̀dì rìn, kí lojú yín rí? Èmi rèé. A sùn sẹ́bàá omi Òwu lọ́dún Iléyá. Bátìrì olómi méjì ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe pa ẹ́ńjìnnì báyìí ni mo wo mítà: fóòtì 12.9. Mo ní ó ti yó. A tan fíríìjì, a tan fáànù. Aago méjì òru, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, bí ọmọ adìyẹ tí ìyá ẹ̀ sọnù. 11.4! Wàrà tí ìyàwó mi rà fún ìyá ẹ̀ l'Ómù-Àrán, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti kan.

Rẹwáyà Tankẹ: Ẹ̀gbọ́n, ìfófó lẹ rí yẹn, kì í ṣe ẹmu. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ṣáàjì máa ń parọ́. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó. 12.7, ó kún. 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú ni.

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí wàrà fi kan? Ṣé ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi ẹ̀ ni?

Ọmọ Ìdí-Àpé: Ìyá wa, bátìrì là ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Wàrà lèmi ń sọ. Àwọn Fúlàní tó ń rù ú kiri nínú oòrùn, bátìrì mélòó ni wọ́n gbé sórí?

Ará Ọ̀fà: Hahaha, bátìrì mélòó!

Ará Ọ̀fà: Tèmi burú ju wàrà lọ ṣá. Omi bátìrì mi gbẹ, ẹnì kan ní gáréèjì bá da ásíìdì sí i. Kò pé oṣù méjì, òjé inú ẹ̀ ti jẹ, kò gba iná mọ́.

Rẹwáyà Tankẹ: Háà! Omi nìkan ló ń fò lọ, ásíìdì ò kúrò níbẹ̀. Omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú (distilled water) lẹ máa ń bù sí i, lẹ́yìn tó bá ti gba ṣáàjì tán.

Ará Ọ̀fà: Píọ̀ wọ́tà ńkọ́?

Rẹwáyà Tankẹ: Ẹ mu ún.

Sànmọ̀rí: Bọ́ọ̀sì tó ní bẹ́ẹ̀dì, n'Ílọrin yìí? Irọ́.

Aláṣejù: Èmi ti kúrò nídìí olómi, lithium ni mo gbé sínú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fóòtì wọ̀n ọ́n o. Látàárọ̀ dalẹ́, 13.2 ló máa ń wà, àfi gbì, ó kú. Mítà tó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde ni mo so mọ́ ọn.

Ará Ọ̀fà: Èló?

Aláṣejù: Ẹ má bi mí.

Ìyá Ìbejì: Wàrà tó kan yẹn, ṣé ẹ dà á nù ni?

Ọmọ Ìdí-Àpé: Ìyá ìyàwó mi ti dín in lata, ó ti jẹ ẹ́. Ó ní ká mú òmíràn wá.