Ẹ bá wa tún àkójọ yunifásítì yìí tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ kọ́ nípa àpáta àti ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìrànlọ́wọ́ owó la sì gbójú lé. Kò fẹ́ kíláàsì tí èrò pọ̀ bí eéṣú. Ibi tí olùkọ́ yóò ti mọ orúkọ rẹ̀ ló ń wá, kó sì ráyè ta fayolíìnì rẹ̀. Ó ní òtútù ò ba òun lẹ́rù (ẹnu dùn ún ròfọ́!).

Carleton àti Macalester ní Minnesota wà lórí ìwé, pẹ̀lú Amherst ní Massachusetts. Amherst kì í wo àpò ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kó tó gbà á wọlé, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń dá padà pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń gbà lọ fíìfíì. Gbogbo wọn ló le. Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí a fi ń wá ìgbàwọlé sí ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà, gbà wá láyè dé ilé ìwé 20, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó fọ́ọ̀mù 20?

Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwé kékeré wo ló tún ní ẹ̀kọ́ yìí, tí ìgbàwọlé rẹ̀ rọ̀ díẹ̀? Lójú tèmi, ilé ìwé tó gbà á láìfún un lówó kò sí lára èyí tó dájú pé ó lè lọ. Tó bá sì di dandan ká yọ nǹkan kan kúrò, ṣé orin ni àbí kíláàsì kékeré?