Ta ló ń lu ìlànà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a fi "òfin" sílẹ̀ fún èyí tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe, kí a máa pe èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba gbé jáde ní "òfin kékeré". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn.

Mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. "ÒFIN TUNTUN" ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Màmá tó ń ta ẹ̀kọ nídìí ògiri náà bi mí pé, "Ṣé àwọn aṣòfin Òṣogbo ló ṣe é?" Màmá ti mọ ìyàtọ̀, orúkọ rẹ̀ ni ò sí lẹ́nu.

Àbádòfin ni òfin ìpínlẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin á jíròrò lé e lórí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gómìnà, ọjọ́ 30 ló sì ní láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin tún dìbò fún un, ó dòfin náà nìyẹn. Abala 100 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló wí bẹ́ẹ̀.

Èkejì, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń gbé jáde, kì í tọ ọ̀nà yìí. Òfin kan ló máa fún kọmíṣánnà tàbí àjọ kan láṣẹ pé kó to bí iṣẹ́ á ṣe máa lọ: iye owó fọ́ọ̀mù, irú ìwé tí èèyàn á mú wá. Bó bá kọjá àyè tí òfin fún un, ilé ẹjọ́ lè wọ́gi lé e. Àmọ́ owó ìtanràn rẹ̀ lè jọni lójú. Kí ló wá kéré níbẹ̀?

Àwọn kan ní "ìlànà" ti tó. Ẹ gbọ́ ná: a ń lùfin, a ń rúfin. Ta ló ń lu ìlànà? Bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà náà, ìlànà ni. Ọlọ́pàá kì í mú ẹni tí àmàlà rẹ̀ ní kókó.

"Òfin àfàṣẹṣe" lèmi mú wá: òfin tí a fi àṣẹ tí òfin mìíràn fúnni ṣe. Bí "àfọwọ́fà" ni mo ṣe hun ún. "Òfin" ṣì wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ó ṣeé lù. "Ṣẹṣe" yẹn lè kọ́kọ́ kọ́ni lẹ́nu lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é kí màmá ẹlẹ́kọ tó gbọ́. Ó ní, "Èyí tí àwọn aṣòfin ò jókòó lé lórí nìyẹn, àbí?"