Ṣé ó yẹ kí n ra gáàsì kábọ́nì fún tòmátì inú ilé náílọ́nù?

Àgbẹ̀ Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ọ̀gbìn. Mo ní ilé onínáílọ́nù kan lẹ́bàá Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, tí mo gbin tòmátì sí. Ewé wọn dúdú mìnìjọ̀, omi kò sì wọ́n wọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òdòdó ló ń já bọ́ láìso. Ẹnì kan tó ń ta ohun èlò oko sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ kábọ́nì dayọ́ksáìdì ni kò tó wọn, nítorí pé òun ni ewé fi ń ṣe oúnjẹ, ó sì ní kí n ra sìlíńdà gáàsì náà kí n máa tú u síbẹ̀ láràárọ̀. Ẹlòmíràn ní kí n kúkú máa dáná èédú sínú ilé náà. Ṣé òótọ́ ni pé bí afẹ́fẹ́ yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èso yóò ṣe máa pọ̀ sí i? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye kí n tó náwó.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Ẹ kú làálàá, àbúrò mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dáná èédú sínú ilé tí a ti pa. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú májèlé tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó lè pa ẹni tó bá wọlé bomi rin ọ̀gbìn láàárọ̀. Èéfín rẹ̀ tún máa ń ní gáàsì ethylene nínú, èyí tó ń mú kí òdòdó tòmátì tètè já bọ́.

Ní ti ìbéèrè yín, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ihò tín-tìn-tín tó wà lára ewé ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì ń gbà wọlé, èròjà kan tí à ń pè ní Rubisco ló sì ń gbá a mú kí ewé lè sọ ọ́ di ṣúgà. Rubisco yìí máa ń ṣìṣe: nígbà mìíràn, ọ́síjìn ló ń gbá mú dípò kábọ́nì, agbára ewé a sì ṣòfò, pàápàá bí ooru bá mú. Bí kábọ́nì bá pọ̀ sí i, àṣìṣe náà yóò dín kù, ewé yóò sì ṣe oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n tilẹ̀ kó ẹ̀gẹ́ rírìn jọ gègèrè síwájú ẹni tó ń yan gààrí, agbada kan ṣoṣo tó wà lórí iná ni yóò sọ iye gààrí tí a ó kó lálẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀, omi tàbí ajílẹ̀ kò bá tó, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù, kábọ́nì tí ẹ rà kò ní rí iṣẹ́ ṣe.

Ìyá Olóko:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́. Ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, lóòótọ́, wọ́n ń fi páìpù gbé gáàsì yìí láti agbègbè Rotterdam lọ sí ilé ọ̀gbìn, wọ́n sì ń gbé e dé bíi ìdá 800 sí 1,000 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ nǹkan bíi 420. Òtútù ló jẹ́ kí wọ́n lè pa ilé wọn dé. Níhìn-ín, bí ẹ kò bá ṣílẹ̀kùn, ooru yóò se ọ̀gbìn. Bí ẹ bá sì ṣí i, gáàsì tí ẹ fowó rà ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí èyí: nínú ilé tí a pa dé gbọin-gbọin, ewé lè fa kábọ́nì inú rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n, títí yóò fi wálẹ̀ sí bíi 200. Afẹ́fẹ́ ìta nìkan tó láti dá a padà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ká náílọ́nù ẹ̀gbẹ́ sókè. Bákan náà, òdòdó tòmátì ń fẹ́ ohun tí yóò mì í kí lẹ́búlẹ́bú akọ inú rẹ̀ lè dà sí orí abo inú òdòdó náà, atẹ́gùn kò sì wọ inú ilé yín. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ máa fi ìka ta okùn tí ẹ fi so igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i bí eruku yẹ́lò yóò ṣe rọra tú jáde.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ̀yin àgbà, ṣé a lè wá sọ pé kábọ́nì tó ń pọ̀ sí i láyé yóò ṣe àgbẹ̀ lóore? Mo rò pé ìdùnnú náà kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ìrẹsì lè jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo àti ọkà bàbà ní ọ̀nà tiwọn láti kó kábọ́nì jọ sínú ewé, nítorí náà àfikún náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ àfi nígbà ọ̀dá. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ìrẹsì àti àlìkámà tí a gbìn sínú kábọ́nì tó pọ̀, amáradàgbà, zinc àti irin máa ń dín kù.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Òṣùwọ̀n ooru tí mo so sáàárín ilé náà ka 41 ní aago kan ọ̀sán àná. Lónìí, lẹ́yìn tí mo ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè, 35 ló kà. Owó sìlíńdà náà ni n ó fi ra àwọ̀n ìbòjì báyìí. Ìyá Olóko, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó nípọn tó kí ó má baà gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ewé?