Ọ̀rọ̀ wo lẹ kà tí ara yín fi gbọ́ kí orí yín tó gbọ́?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń jẹ ẹ̀pà jẹ́jẹ́ mi, ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé látọ̀dọ̀ àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wa: "Mama ti sun."

Kò sí àmì, kò sí àlàyé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àgbàlagbà tí wọ́n bá ní ó sùn, ó lè jẹ́ èyí tí kì í jí. Kí n tó ro nǹkan kan, ẹ̀pà ti dànù, àtẹ́lẹwọ́ mi ti tutù, àyà mi sì já wàì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré! Mo pe àbúrò mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jẹ àmàlà tán, wọ́n lo oògùn, wọ́n sùn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀."

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé mo ti gbọ́ òótọ́ tán, síbẹ̀ ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọwọ́ mi tó yé gbọ̀n. Irú rẹ̀ ti ṣe yín rí?

Alfa Kékeré
Tèmi ò le tó tiyín. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mò ń ka ìtàn kan, òǹkọ̀wé wá gbé wa dé ìdí ìrẹsì ọ̀fadà: epo lórí iná, irú tó ń ta sánsán, ewé eéran tó ń ṣe èéfín wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú u. Itọ́ kún ẹnu mi, ikùn mi ń kùn. Mo bi ọ̀gá mi bóyá ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pa ìwé dé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé ní 2006, àwọn olùwádìí kan ní Sípéènì ní kí àwọn ènìyàn máa ka orúkọ nǹkan olóòórùn nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Apá ọpọlọ tí a fi ń gbóòórùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí òórùn kankan níbẹ̀. Òórùn irú ni tèmi.

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ẹ dán èyí wò nílé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ FUNFUN sára pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ PUPA. Mo ní kí àwọn ọmọ má ka ohun tí mo kọ, kí wọ́n ṣáà dárúkọ àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tó ń yangàn pé àwọn mọ̀wé, ahọ́n wọn lọ́. Ọ̀kan ní "fun... pupa," ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Mo lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tí kò tíì mọ ìwé kà: "Pupa! Funfun!" Kíá!

John Ridley Stroop, ará Amẹ́ríkà kan, ló tẹ irú ìdánwò yìí jáde ní 1935. Ẹni tó bá ti mọ̀wé kà kò lè rí ọ̀rọ̀ kó má kà á. Ojú kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀pà yín gbọ́dọ̀ dànù, ẹ̀gbọ́n.

(Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí fún nìyẹn. Ìṣẹ́jú méje ló kù kí agogo ìsinmi lù.)

Ọmọ Ọlọ́fà
Èmi ní tèmi, ojú nìkan ò tó. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń fojú ka oríkì ilé wa lórí fóònù. Bí ẹni ka ìwé iná. Mo wá ń fẹnu sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀..." Orí mi wú bàǹtì, irun apá mi dìde. Òyìnbó tó jókòó tì mí bá dìde lọ sẹ́yìn ọkọ̀.

Àbíkẹ́yìn Bàbá
Mo ti kọ èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á rẹ́. Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ ò gba ojú wọn wọlé mọ́. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Aláròyé kì í jáde kí wọ́n má rà á. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn, wọ́n ní èdè wo ni wọ́n fi tẹ èyí? A rò pé àwàdà ni. Wọ́n pààrọ̀ awò ojú, pàbó. Ẹnu wọn ò wọ́, wọ́n ń rìn, àfi pé èjìká ọ̀tún wọn ń kọlu ilẹ̀kùn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dé apá kan lẹ́yìn ọpọlọ, lọ́wọ́ òsì. Dókítà fún wọn ní bébà, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì. Bàbá kọ ọ́ gẹ́rẹ́gẹ́, àmì orí ọ̀rọ̀ pàápàá pé. Dókítà gbà á, ó dúró díẹ̀, ó dá a padà fún wọn. "Ẹ bá mi kà á, sà." Wọ́n wò ó, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n tún yí i padà.

"Ta ló kọ ọ́?"

Dókítà ní kì í ṣe nǹkan tuntun, pé oníṣègùn kan, Jules Dejerine, ní ilẹ̀ Faransé ti kọ nípa ọkùnrin kan báyìí ní 1892. Ojú ń ríran, ọ̀rọ̀ wà nínú ọpọlọ, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ló já.

Lẹ́tà kan wà tí ìyá mi kọ sí wọn nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ síṣẹ́ ní òkè ọya, inú Bíbélì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ń kà á tẹ́lẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni wo bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbà á, mo kà á sókè. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu wọn kí n tó kà á tán.

Ní báyìí, wọ́n ń fi ìka tọ álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lórí itan wọn, ìka á wá sọ fún wọn ohun tí ojú ò lè sọ. Ìlà kan lè gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá kọ síbẹ̀?

Àbíkẹ́yìn Bàbá
"Oko mi owon." Wọn ò fi àmì kankan sí i. Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, oko, ti àgbẹ̀. Bàbá ní, "Oko tó wọ́n, tí ò hu iṣu!"