Àwòrán inú fóònù màmá wa: èwo ni kí á fi pamọ́, èwo ni kí á pa rẹ́?

Àbígbẹ̀yìn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá wa fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, fóònù wọn sì wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, nítorí pé èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi ni mo sì ń gbé pẹ̀lú wọn ní Àkúrẹ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni fóònù náà ti ń sọ pé àyè tán nínú òun, tí Google náà sì ń ránṣẹ́ pé gígábáìtì 15 tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti kún. Nígbà tí mo wo iye àwòrán àti fídíò tó wà níbẹ̀, ó lé ní 11,400.

Mo ti jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́rin, n kò sì lè pa ju nǹkan bí 200 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwòrán òdòdó tó ní àdúrà òwúrọ̀ lára, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìjọ máa ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Rísíìtì owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní báǹkì wà níbẹ̀, àwòrán kan náà tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀mẹjọ wà níbẹ̀, àwọn tó ṣókùnkùn tí ìka wọn bo ojú kámẹ́rà wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ sì pọ̀ lọ jàra nínú àwòrán òde ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun, pé ọwọ́ màmá ló yà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ báyìí, kò sí ọmọ wa kan tí yóò wò ó láéláé. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin máa ń wò, tí ẹ fi ń mọ àwòrán tó yẹ kó dúró? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ pa ohun tí a ó máa wá kiri lọ́la rẹ́.

Atúnfóònùṣe dáhùn pé:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ fóònù ni mo ń ṣe, ohun tí mo sì ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ dá ọwọ́ ìparẹ́ dúró ná, títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ fi wáyà so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì da gbogbo àpò àwòrán rẹ̀ sínú háàdì dísíkì. Kò ní jẹ dátà kankan. Ẹ tún da á sínú èkejì, kí ẹ̀gbọ́n yín gbé ọ̀kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n bá wá sílé, nítorí pé iná tàbí olè kì í sábà dé ilé méjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má gbára lé fláàṣì nìkan.

Oníbàárà mi kan pa àwòrán rẹ́ nínú Google Photos, ó rò pé orí fóònù nìkan ni òun ti ń pa á, pé èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí àwòrán bá ti wọlé síbẹ̀, ibi méjèèjì ni ó ti máa ń kúrò. Ọjọ́ 60 ni ó ń lò nínú àpótí ìdọ̀tí kí ó tó lọ pátápátá, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni obìnrin náà sì tó gbé fóònù wá bá mi. Àwòrán ìkómọ ọmọ rẹ̀ wà lára wọn.

Nǹkan mìíràn tún kan tiyín gan-an. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Google ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́, tòun ti àwòrán inú rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àkáǹtì màmá wà láìsí ẹni tó ń ṣí i. Bákan náà, àwọn àwòrán tí wọ́n gbé síbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ìwọ̀n tí Google ti dín kù, kò sí lára gígábáìtì 15 yẹn; bí ẹ bá pa wọ́n rẹ́, ẹ kò jèrè àyè kankan. Fídíò ló ń jẹ àyè. Ẹ wo ètò WhatsApp níbi tó ti máa ń ya fáìlì tó ju mégábáìtì 5 lọ sọ́tọ̀, tó sì ń ya àwọn tí ènìyàn ti fi ránṣẹ́ káàkiri lọ́pọ̀ ìgbà sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ìwàásù àti ìpolówó tí kì í ṣe màmá ló yà wọ́n. Àpò kan sì wà tó ń jẹ́ Sent, tí ẹ̀dà àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà lásán ni, ẹ lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìwẹ̀yìn.

Ayàwòrán Ìbàdàn dáhùn pé:

Láti ayé nẹ́gátíìfù ni mo ti ń ya àwòrán. Róòlù kan kò ju àwòrán 36 lọ nígbà náà, owó sì ni ìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà kí a tó tẹ kámẹ́rà ni a ti ń ṣà. Lónìí, ẹ̀yìn tí a bá ti yà á tán ni ìṣàyàn kù sí, ìdí nìyẹn tí ẹrù náà fi wúwo lórí yín.

Àwọn tó jọra ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sójú kan, kí ẹ wò wọ́n pọ̀. Nínú mẹ́jọ, ojú ènìyàn ni mo máa ń wò ṣáájú, lẹ́yìn náà ni mo ń wo ọwọ́, nítorí pé ẹni tí ara kò tù lè rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò sọ òótọ́. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ó pọ̀ tán méjì.

Àmọ́ níbi tí àwòrán kò bá ti ní ẹlẹ́gbẹ́, ẹ má fi dídára rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó ṣẹ́kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n bí, ọmọ náà a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, a wọ ti obìnrin fún èkejì. Àwòrán yẹn a sì dúró fún ère ìbejì nínú ilé wọn. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá ilà àárín rẹ̀ hàn tàbí kò hàn. Èyí tí ìka màmá bo yẹn, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn ìka náà kí ẹ tó pa á rẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ atúnfóònùṣe wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ èyí tó sọ nípa àpò Sent. Ẹ̀dà ni lóòótọ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni màmá fúnra wọn ti bá yín ṣa àwòrán: nínú gbogbo ohun tí wọ́n yà àti ohun tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n rí pé ó yẹ kí ẹlòmíràn rí ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó pa á rẹ́.

Ní ti àwọn tí ẹ kò mọ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ wọ́n kí ó tó pẹ́ jù. Aṣọ ẹbí ọrùn wọn lè sọ ìnáwó tí ó jẹ́ fún àwọn àgbà ìdílé, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ẹ kọ orúkọ náà sínú ìwé àjákọ, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì àwòrán. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán tó gba orí WhatsApp wọlé: WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára rẹ̀, bí fáìlì bá sì ń jẹ́ IMG-20190803-WA0012, ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2019 tí fóònù gbà á wọlé ni ẹ ń kà, ó sì ṣeé ṣe kí àwòrán fúnra rẹ̀ ti pé ogún ọdún. Èyí tí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹ́ta tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ lè jẹ́ kó lọ.

Rísíìtì báǹkì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ ogún yóò fi parí, lẹ́yìn náà kí ẹ pa wọ́n rẹ́. Bí ẹ bá sì rí àwòrán tí wọ́n ya màmá lórí ibùsùn àìsàn, ẹ má dá ìyẹn pa, ẹ má sì dá a pín fún àwọn ẹbí. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ jókòó lé e lórí, kí ẹ bi ara yín bóyá màmá ìbá fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn rí àwọn bẹ́ẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn dáhùn pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀dà méjì ti wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀kan nílé mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó sì wà lọ́dọ̀ wọn ni yóò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti pa fídíò àti àwòrán àdúrà òwúrọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ káàkiri rẹ́, ó ju 5,000 lọ, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n.

Àná ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti àpò Sent. Àwòrán géètì ilé wa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí màmá ń fi ránṣẹ́ sí àlejò tí kò mọ ilé. Ó wọ́, kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, ara àwọn 200 tí mo kọ́kọ́ pa rẹ́ sì ni ojúlówó rẹ̀ wà. A ti kun géètì náà ní ọ̀dà mìíràn fún ìsìnkú, a sì ti gé igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí igi yẹn wà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú mẹ́sàn-án, àwọn fúnra wọn ló sì pa mẹ́jọ yòókù rẹ́.

Àwòrán òde ìnáwó tí a kò mọ ènìyàn inú rẹ̀ kù ní 640. Ẹ̀gbọ́n màmá wà ní Ìdànrè, wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ojú wọn sì ṣì ríran dáadáa. Mo ti tẹ 100 nínú rẹ̀ sórí bébà nítorí pé ojú fóònù kéré fún wọn, mo ra ìwé àjákọ kan, ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ.